Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ṣiṣẹ́ Rẹ̀

Inú bí mi nígbà tí mo rí i nínú ìwé ìkọ́ni kan pé «ìmọ́lẹ̀-mànàmáná» ni wọ́n pe ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe lára irin. Ta ló máa gbọ́ ọ tí kò ní wo ojú ọ̀run bóyá òjò ń bọ̀? Mànàmáná ti ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ méjì ni wọ́n kàn tò pọ̀, wọn kò sọ ohun tí ọ̀kan ṣe fún èkejì.

Bẹ́ẹ̀, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti iná ti pàdé. Ní 1839, Edmond Becquerel, ọmọ ọdún 19, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kan irin tó rì sínú omi oníkẹ́míkà nílẹ̀ Faransé, iná sì ń ṣàn. Ní 1873, Willoughby Smith rí i pé sẹlíníọ́ọ̀mù túbọ̀ máa ń gba iná láyè bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ìkẹta ni èyí tí Heinrich Hertz kíyè sí ní Jámánì ní 1887. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló tó hàn pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ìmọ́lẹ̀ ń yọ kúrò lára irin.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, átọ̀mù, sílíkọ́ọ̀nù: kí àwọn ọ̀rọ̀ àyálò wọ̀nyí wọlé. Sólà ti di tiwa.

Ṣùgbọ́n fún ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa tó. Ẹ wo àfọwọ́kọ: fi ọwọ́ kọ. Fi ìmọ́lẹ̀ yọ, ó di àfìmọ́lẹ̀yọ. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àfìmọ́lẹ̀yọ nìyẹn, ìfìmọ́lẹ̀yọ sì ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí Hertz rí. Àwọn kan fẹ́ «lé» dípò «yọ». Mi ò gbà. Ohun tí a lé lè máà so mọ́ ibì kankan; ohun tí a yọ, bí eyín, agbára ló já a. Ohun tí Einstein ṣàlàyé ní 1905 gan-an nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ pupa, bó ti wù kó pọ̀ tó, kò lè yọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lára síǹkì, àmọ́ ìtànṣán díẹ̀ tó kọjá àwọ̀ àlùkò lè yọ ọ́. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tó mú ni ká wí, kì í ṣe èyí tó pọ̀.

Ti Smith, fi ìmọ́lẹ̀ la ọ̀nà fún iná: ìfìmọ́lẹ̀lànà. Wọ́n ní yóò dún bí ìlànà; ṣebí ọ̀nà ni wọ́n là kí ìlànà tó wà.

Ti Becquerel, tí sólà orí òrùlé wa ti wá, ló le jù. Ìfìmọ́lẹ̀yọ kò bá a mu, torí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò fò jáde kúrò nínú sílíkọ́ọ̀nù, inú rẹ̀ ló ti ń gba wáyà lọ. Ẹnìkan dábàá ìfìmọ́lẹ̀dáná, ṣùgbọ́n ìdáná, ti ààrò ni. A sì ti ní ẹ̀rọ amúnáwá nílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé mọ̀. Ìfìmọ́lẹ̀múnáwá ni kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà máa jẹ́, kí pátákó sólà sì máa jẹ́ amúnáwá onímọ́lẹ̀.