Àbàwọ́n Ara Owó Onírin Àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Àpẹẹrẹ Oníní Ọdún 1907

Ìfáàrà
Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú owó àtijọ́ wá sí kíláàsì ìtàn láti inú àpótí ìyá àgbà rẹ̀, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o. Kí ó tó dán, ọdún tí a tẹ̀ sí i lára lè ti pa rẹ́. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé àbàwọ́n kan jẹ́ ìdọ̀tí lásán, òmíràn sì jẹ́ ẹ̀rí. Ó yẹ kí olùkọ́ mọ ìyàtọ̀ wọn kí ó tó fọwọ́ kan omi.

Oníní àti ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa
Ní 1907, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ń ná oníní alumíníọ́mù níhìn-ín. Mẹ́wàá rẹ̀ ni kọ́bọ̀ kan. Ó fúyẹ́, ó sì ní ihò láàárín. Ṣùgbọ́n òógùn ọwọ́, iyọ̀ àti ọ̀rinrin kò jẹ́ kí ó pẹ́: ìpáàrà funfun bí ìyẹ̀fun ń yọ lára rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń jẹ kòtò. Ní 1908, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdàlú bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì rọ ọ́. Ẹni tó bá bó kòtò funfun yẹn dànù ti pa ìdáhùn sí ìbéèrè pé, kí ló dé tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀?

Dídá àbàwọ́n mọ̀
Dúdú tó wà lára ṣílè fàdákà ọdún 1913 kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ fi sílẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tó bo ṣílè idẹ, tó jáde láti 1920, ń dáàbò bo idẹ náà. Àwọ̀ ewé tó ń bu bí ìyẹ̀fun ni ìpáàrà tó ṣì ń jẹ ẹ́ lọ. Àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ sábà máa ń wá láti ara àpò rọ́bà tí a kó owó sí.

Ìtọ́jú
Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀. Etí owó ni kí ẹ dì mú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi aláìníyọ̀ láti yàrá ìmọ̀ kẹ́místrì, kí ẹ sì fi òwú tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ má ṣe fi ra á. Àsítóònù ń yọ ọ̀rá àti ohun tó lẹ̀ láti ara àpò rọ́bà. Inú ife gíláàsì ni kí ó wà, kí fèrèsé ṣí, kí iná jìnnà, kí ó má sì kúrò lọ́wọ́ olùkọ́. Fún ìpáàrà ewé ara idẹ, òróró ólífì lè rọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a tó fi igi ìtayín rọra yọ ọ́. Bí ó bá kọ̀, ẹ dúró níbẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí wọ inú ìlànà ìkọ́ni ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa gbogbo, nítorí owó tí a ti bó kò tún lè sọ ìtàn ara rẹ̀ mọ́.