Owó Ìrànwọ́ Àgbẹ̀: Ọwọ́ Ta Ni A Ràn?

Nínú èdè wa, ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni a ràn. Èyí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń ka ìtàn owó tí ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í san fún àwọn olóko òwú ní ọdún 1933, pàápàá bí ó ti rí ní káúńtì Poinsett, ìpínlẹ̀ Arkansas.

Òwú ti pọ̀ jù lọ́jà nígbà náà, owó rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin pé kí ìjọba máa sanwó fún ẹni tí ó bá dín oko rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n òwú ti hù ná. Wọ́n ní kí a tú u dànù, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 éékà. Ìtàn sọ pé àwọn ìbaaka tí ń fa ohun ìtúlẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé a ti kọ́ wọn kí wọn má ṣe tẹ òwú mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ìbaaka wọ̀nyẹn kò gọ̀.

Owó òwú gòkè lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yin òfin náà. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbin òwú yìí, dúdú àti funfun, ni kò ní ilẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń ro, tí wọ́n sì ń bá a pín irè oko ní ìdajì. Kì í ṣe irú ìṣákọ́lẹ̀ tiwa, tí àgbẹ̀ ń mú díẹ̀ nínú irè oko fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Onílẹ̀ tiwọn ni ó ń fún wọn ní ilé, irúgbìn àti oúnjẹ àwìn. Òun náà ni ó sì ń kọ gbèsè wọn sínú ìwé.

Nínú àdéhùn ọdún 1934, sẹ́ǹtì 4 àti ààbọ̀ ni ìjọba ń san lórí pọ́n-ùn òwú kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ tí a dá dúró ì bá mú jáde. Sẹ́ǹtì 4 jẹ́ ti onílẹ̀. Ààbọ̀ sẹ́ǹtì ni ti ẹni tí ń ro ó. Wọ́n ní kí onílẹ̀ má ṣe dín iye àgbẹ̀ rẹ̀ kù, níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Ta ni yóò wá sọ èyí tí ó ṣeé ṣe? Ìgbìmọ̀ káúńtì ni, àwọn onílẹ̀ ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹbí jáde. Ní oṣù Keje ọdún 1934, aláwọ̀ funfun 11 àti aláwọ̀ dúdú 7 pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Tyronza, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Southern Tenant Farmers' Union sílẹ̀. Pé wọ́n jókòó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan náà, ní Arkansas ti ìgbà náà, kì í ṣe ohun kékeré. Wọ́n jìyà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ní Washington, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tí wọ́n túmọ̀ àdéhùn náà pé àgbẹ̀ tí ó wà lórí ilẹ̀ gan-an ni kí a fi sílẹ̀ níbẹ̀ pàdánù iṣẹ́ wọn ní oṣù Kejì ọdún 1935.

Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ fi owó ìrànwọ́ náà ra katakata. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1939, ní ìpínlẹ̀ Missouri tí ó bá Arkansas pààlà, àwọn àgbẹ̀ tí a lé, tí wọ́n ju 1,000 lọ, kó ibùsùn àti ìkòkò wọn sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú òtútù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn aláṣẹ kó wọn kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní wọ́n lè kó àrùn bá ará ìlú.