Àbá, Ìbò àti Àṣẹ: Ìtàn Bí Èdè Kọ̀ǹpútà Python Ṣe Ń Yí Padà, 2000 sí 2019

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni bí àwọn olùtọ́jú èdè kọ̀ǹpútà kan ṣe ń ṣe nígbà tí àbá púpọ̀ bá ń du àyè kan ṣoṣo. Python ni èdè náà. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, ni ó gbé e jáde ní 1991, tí ó sì yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni rí bí a ti kọ ọ́, kí ó sì dá sí i.

Láti 2000, ẹni tí ó bá fẹ́ àyípadà pàtàkì gbọ́dọ̀ kọ àbá rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ àti èrò àwọn alátakò. Àbá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ̀, wọn kì í dà á nù. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni agbára ètò yìí wà; ìwé kò lè dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Àbá 308, tí van Rossum àti Raymond Hettinger kọ ní 2003. Ìhun kúkúrú ni wọ́n ń wá, èyí tí yóò yan ọ̀kan nínú iye méjì gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn bá ti rí. Ọ̀pọ̀ fẹ́ irú ìhun bẹ́ẹ̀. Ìrísí rẹ̀ ni ó dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí awẹ́ 'bí' ṣíwájú. Àwọn mìíràn fẹ́ àmì ìbéèrè bíi ti èdè C. Van Rossum fẹ́ kí awẹ́ 'bí' wà láàárín. (Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa: 'Bí òjò bá rọ̀, n kò ní lọ' àti 'N kò ní lọ bí òjò bá rọ̀', ìtumọ̀ kan náà ni.) Wọ́n dìbò, kò sí ìrísí kan tí ó rí ọ̀pọ̀ jù lọ, wọ́n sì kọ àbá náà. Àìṣọ̀kan àwọn tí ó fẹ́ àyípadà ni ó fà á, ju agbára àwọn alátakò lọ.

Àìní náà kò kúrò nílẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi 'and' àti 'or' dọ́gbọ́n sí i, ọgbọ́n náà a sì máa dojú rú bí iye àkọ́kọ́ bá jẹ́ òdo. Ní 2005 van Rossum tún ìwé 308 gbé, ó sì fúnra rẹ̀ yan ìrísí tí òun ti dábàá. Ó wọ Python 2.5 ní 2006. Ohun tí ìbò kò lè parí, ẹnì kan ṣoṣo ni ó parí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àṣẹ bẹ́ẹ̀ a máa wọ aláṣẹ lọ́rùn. Ní 2018, àríyànjiyàn lórí Àbá 572 le tó bẹ́ẹ̀ tí van Rossum, lẹ́yìn tí ó ti fọwọ́ sí i, fi kọ̀wé ní 12 oṣù Agẹmọ pé òun fi àṣẹ sílẹ̀. Kò yan àrólé. Àwọn tí ó kù wá lo ètò ìwé kan náà láti mọ ẹni tí yóò máa pinnu: àbá méje ni ó jáde, 8010 dé 8016. Ní oṣù Ọ̀pẹ, 62 nínú 94 tí ó lẹ́tọ̀ọ́ dìbò. Wọ́n to àwọn àbá bí wọ́n ṣe fẹ́ràn wọn sí, a sì fi wọ́n wé ara wọn ní méjìméjì, tí ó fi jẹ́ pé kò di dandan kí èyí tí ó borí jẹ́ ààyò àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. 8016 ni ó borí: ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà kò gbọdọ̀ ju méjì lọ nínú rẹ̀. Wọ́n yan àwọn àkọ́kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, van Rossum sì wà lára wọn.