Àríyá Àwọn Ọmọdé ní Ọjọ́ Kẹrin Oṣù Keje

 

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn ni ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ lẹ́tà sí mi. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń gbé ní Amẹ́ríkà, ó sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ọ̀hún ní èdè ní ọjọ́ Sátidé. Lẹ́yìn tí ó béèrè àlàáfíà gbogbo ilé tán, ó ní: “Sà, àwa òbí fẹ́ ṣe àríyá fún àwọn ọmọ wa ní ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. A fẹ́ kí wọ́n wọ aṣọ ìbílẹ̀, kí wọ́n sì gbé àsíá ilẹ̀ tí a bí wọn sí dání. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa ṣètò ohun tí a ó máa ṣe láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ó má baà jẹ́ jíjẹ àti mímu lásán.”

Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Orin díẹ̀, àlọ́ méjì, ọpọ́n ayò, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú bébà àti bírò, mo rí i pé n kò lè ṣètò ọjọ́ tí n kò mọ ohun tí ó ti fi ojú àwọn ọmọdé rí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn nìyẹn, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí n tó wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè gbójú fò. Akẹ́kọ̀ọ́ mi pe àkókò náà ní “ọlidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn”. Òun nìkan kọ́ ni ó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn tiwa ni ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí koríko ń gbẹ. Oṣù Keje, tí í ṣe oṣù Agẹmọ, ìgbà òjò ni ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìgbà ooru ni kí a pe tiwọn. Ọmọ tí a bá kọ́ ní òkè òkun pé ẹ̀ẹ̀rùn ni oṣù Keje yóò wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá sí Ìbàdàn ní oṣù náà, òjò yóò sì pa á.

Ó dára. Ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1776 ni àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dìbò ní Philadelphia pé àwọn kò sin ọba náà mọ́. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ inú ìwé ìkéde wọn. Láàárín ọjọ́ méjèèjì ni John Adams, tí ó padà di ààrẹ kejì orílẹ̀-èdè náà, kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé ọjọ́ kejì oṣù náà ni àwọn ìran tí ń bọ̀ yóò máa fi ṣe àjọ̀dún, pẹ̀lú ìwọ́de, eré ìdárayá, ìró ìbọn, agogo àti iná. Adams ṣi ọjọ́ mú, ṣùgbọ́n kò ṣi ariwo mú. Nígbà tí ọdún kan pé, ní 1777, wọ́n yin ìbọn ńlá ní Philadelphia, wọ́n lu agogo, wọ́n sì yin iná aláràbarà sójú ọ̀run ní alẹ́.

Àwọn àgbà ni ó dá ariwo náà sílẹ̀, àwọn ọmọdé ni ó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn mọ báńgà àti nọ́káòtù tí àwọn ọmọ ń yìn ní àsìkò Kérésìmesì, tí ìjọba ń fòfin dè, tí wọn kò sì yéé tà. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń kó láti ilẹ̀ Ṣáínà wọ Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, owó díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ sì tó rà á. Ṣùgbọ́n báńgà kọ́ ni ó burú jù. Ìbọn ìṣeré kan wà tí ó ń lo ọta tí kò ní òjé nínú, kìkì ẹ̀tù àti ìdérí bébà ni ó wà níbẹ̀. Nítorí pé kò ní òjé, ọ̀pọ̀ òbí rò pé kò lè ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Bí ó bá wá yìn mọ́ ọmọ ní àtẹ́lẹwọ́, ìdérí náà yóò kó ìdọ̀tí wọ inú ẹran ara. Ọgbẹ́ náà kì í tóbi lójú. Ìyá ọmọ yóò fọ̀ ọ́, yóò fi aṣọ dì í, ọmọ yóò sì padà sí ìta lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ náà kò ní lè la ẹnu mọ́. Ọrùn rẹ̀ yóò gan, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun. Ipá nìyẹn, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ní ọdún 1903 ni ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn tí àjọ̀dún yìí ń pa àti àwọn tí ó ń ṣe léṣe. Ní ọdún yẹn nìkan, ènìyàn 466 kú, ènìyàn 3,983 sì fara pa. Nínú àwọn 466 tí ó kú náà, ipá ni ó pa 406. Ọmọkùnrin tí kò tí ì gbó ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Mo ka iye yìí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé ojú mi kò tàn mí jẹ. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn, ayẹyẹ ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ni.

Ẹni tí mo fẹ́ dárúkọ nínú àwọn tí ó dìde sí ọ̀ràn náà ni Julia Barnett Rice, obìnrin ará New York tí ó kọ́ iṣẹ́ dókítà. Fèrè àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń ké ní òru lórí odò Hudson ni ó kọ́kọ́ bá jà, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1906 láti gbógun ti ariwo tí kò nídìí. Ó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní pariwo ní àgbègbè ilé ìwòsàn. Mark Twain, òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ẹ̀ka náà. (Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Twain yóò mọ̀ pé àwọn ọmọkùnrin inú ìtàn rẹ̀ ni ẹni ìkẹyìn tí a lè bá irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.) Láti ibẹ̀ ni Rice ti wá kọjú sí ọjọ́ kẹrin oṣù Keje. Òun àti àwọn mìíràn ń pè fún ọjọ́ kẹrin tí kò léwu, tí ó sì mọ́gbọ́n dání. Ní ọdún 1908, ọjọ́ kan ṣáájú àjọ̀dún, àwọn iná ìṣeré tí wọ́n ń tà gbaná nínú ilé ìtajà kan ní ìlú Cleveland, àwọn ènìyàn sì kú níbẹ̀, ọmọdé wà lára wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú náà fòfin de títà àti yínyìn wọn.

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ aṣòfin wa kò mọ̀: bí o bá gba báńgà lọ́wọ́ ọmọ, o gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́. Láti inú èyí ni àríyá tí akẹ́kọ̀ọ́ mi ń sọ ti wá. Àwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìwọ́de àwọn ọmọ ilé-ìwé ní òwúrọ̀, orin kíkọ, eré sísá, eré orí ìtàgé tí ó dá lórí ìtàn orílẹ̀-èdè, àti oúnjẹ nínú ọgbà ìlú. Ní alẹ́, àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà nìkan ni yóò yin iná, àwọn ọmọ yóò sì máa wò ó láti òkèèrè. Ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ọdún 1908, àwọn àlejò tí ó ti ilẹ̀ Gíríkì, Ítálì, Pólándì àti ibòmíràn wá wọ́de pẹ̀lú àṣà ilẹ̀ baba wọn. Ẹ rí i pé aṣọ òkè tí àwọn òbí wọ̀nyí fẹ́ wọ̀ fún ọmọ wọn kì í ṣe ohun tuntun ní ọjọ́ yẹn. Ọgbọ́n ìṣèlú wà nínú rẹ̀ o: àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ fẹ́ kí àlejò tètè di ará ilé. Síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ènìyàn 215 ni ó kú ní 1909, 131 ní 1910, 57 ní 1911, 41 ní 1912. Abẹ́rẹ́ tí ń dènà ipá, tí àwọn dókítà túbọ̀ ń lò nígbà náà, pín nínú ọpẹ́ yìí.

Bí mo bá dúró síbí, ìtàn yìí ì bá dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ dúdú ni àwọn ọmọ tí a fẹ́ ṣe àríyá fún. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1910 kan náà, ní ìlú Reno, Jack Johnson, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá àwọn òmìrán lágbàáyé, na James Jeffries, aláwọ̀ funfun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè padà láti ìsinmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn aláwọ̀ funfun ti ń kọlu àwọn ènìyàn dúdú ní ọ̀pọ̀ ìlú, wọ́n sì pa nínú wọn. Àwọn yẹn kò sí nínú 131 tí àwọn dókítà kà.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ New York ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1827, ọjọ́ karùn-ún ni àwọn ènìyàn dúdú ìlú New York wọ́de, wọ́n fi ọjọ́ kẹrin sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Ọjọ́ karùn-ún náà ni Frederick Douglass yàn ní ọdún 1852, nígbà tí wọ́n pè é wá sọ̀rọ̀ ní ìlú Rochester. Ó bi àwọn olùgbọ́ rẹ̀ léèrè ohun tí ọjọ́ òmìnira wọn jẹ́ fún ẹrú. Ó yin àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, ó sì bá àwọn ọmọ wọn wí, nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

Ọmọ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1860, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àjọ̀dún náà tán, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Clotilda yọ́ wọ Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, ó kó ènìyàn tí ó lé ní 100 láti Ouidah. Láti ọdún 1808 ni òfin ti ka irú òwò bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Kossola, tí ó wá láti agbègbè Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, wà nínú rẹ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Cudjo Lewis. Ọmọbìnrin bí ọdún méjì kan náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọ́n tà á pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n kan. Àwọn méjì yòókù lọ síbòmíràn, wọn kò sì fojú kan ara wọn mọ́. Matilda ni wọ́n ń pè é, McCrear ni orúkọ ìdílé rẹ̀ dà. Ní ọdún 1931, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí; wọn kò dá a lóhùn. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 1940. Ní ọdún 2020, òpìtàn Hannah Durkin tẹ ìwádìí jáde pé òun ni ẹni ìkẹyìn tí a mọ̀ nínú àwọn tí ọkọ̀ ẹrú kó wá sí Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ wa.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́ ni Àbákẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, oríkì nìyẹn. Ẹ tú u palẹ̀: à- ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, bá ń tọ́ka sí pé ẹnìkan kò dá a ṣe, kẹ́ ni kẹ́ inú ìkẹ́. Ẹni tí gbogbo wa jọ pawọ́ pọ̀ kẹ́.

Ètò tí mo fi ránṣẹ́ kò pọ̀. Báńgà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀; iná alẹ́ ti ìjọba ìlú ni kí wọ́n wò. Ìwọ́de ní òwúrọ̀ pẹ̀lú gángan, àsíá Amẹ́ríkà àti ti Nàìjíríà. Kí a ki ọmọ kọ̀ọ̀kan ní oríkì rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Èyí tí kò bá ní, kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ wá a kí ọjọ́ tó pé. Àlọ́ àti ayò lẹ́yìn èyí. Ṣáájú oúnjẹ, kí a sọ ìtàn Àbákẹ́ fún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí a sì kọ́ àwọn kéékèèké ní orúkọ rẹ̀ nìkan.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi dá mi lóhùn ní ọjọ́ kejì. “Sà, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan ní ìtàn Àbákẹ́ yóò ba àríyá jẹ́, àwọn kan sì ní kí a kúkú sún gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ karùn-ún.” Mo sọ fún un pé kí wọ́n ṣe é ní ọjọ́ kẹrin, kí wọ́n sì sọ ìtàn náà, nítorí pé àwọn ọmọ tí a bí sí ibẹ̀ ni ó ni ọjọ́ náà pẹ̀lú. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìpàdé wọn kò tí ì parí. Ó ní orí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nìkan ni ẹnu wọn ti kò.