Àkọ́sórí Àwọn Ọmọ Àyàn

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn ọmọ Àyàn ti ń kọ́ ìlù. Àgbà a lù, a sì fi ẹnu pe ohun tí ìlù wí. Ọmọ a tún un pè títí yóò fi há a sórí. Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní. Ẹni tí kò mọ oríkì sórí kò lè fi ìyáàlù kì í.

Àwa ìjọ kẹ́gàn ìlù nígbà kan rí. Ṣùgbọ́n T. K. Ekundayo Phillips, tí ó di atẹdùùrù Ṣọ́ọ̀ṣì Kristi ní Èkó ní 1914, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1953 pé ó yẹ kí orin ìsìn tẹ̀lé ohùn èdè. Àwọn onílù ti mọ èyí láìsí ìwé.

Bí àgbà bá kú láìkọ́ ọmọ, àkọ́sórí a bá a wọ ibojì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ wọn nísinsìnyí.