Ta Ló Ṣe Ríìlì Tó Wà Lọ́wọ́ Rẹ? Ìlẹ̀kùn Mẹ́ta Tó Ṣí Ká Tó Lè Ju Ìwọ̀ sí Adágún Michigan

  

Ọ̀rọ̀ tòní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tí ọmọdé kan bi mí létí omi ní Montrose. Mo fún un ní ọ̀pá ìwọ̀, irú èyí tó ní bọ́tìnì lẹ́yìn. Ó tẹ bọ́tìnì náà, ó ju ọ̀pá síwájú, ìwọ̀ fò lọ, ó bọ́ sínú omi bí ẹni pé ọmọ náà ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́wàá. Ó wò mí, ó ní, "Ánkù, ta ló ṣe nǹkan yìí?" Mo ní Zebco ni. Ó ní, "Rárá o, ta ló kọ́kọ́ ṣe é?" Mi ò rí nǹkan sọ. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Kí ọmọ yẹn tó lè dúró síbẹ̀, ìlẹ̀kùn mẹ́ta ló ní láti ṣí. Ẹ̀rọ ní láti rọrùn kó sì pọ́ọ́kú. Ẹja ní láti wà nínú omi. Etí omi fúnra rẹ̀ sì ní láti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣí fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Ríìlì ni ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ọ̀pá ìwọ̀, tó ń tú okùn sílẹ̀ tó sì ń wé e padà. Nílé, ní Ẹ̀pẹ́, ní Badagry, àti lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, àwọ̀n àti igèrè ni iṣẹ́ ẹja wà fún jù. Ẹni tó bá fi ìwọ̀ pẹja, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ríìlì rẹ̀. Ní China, wọ́n ti ní ríìlì tipẹ́. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Ma Yuan ya apẹja kan nínú ọkọ̀ ojú omi ní nǹkan bí ọdún 1195, ríìlì sì wà lára ọ̀pá rẹ̀ gbangba.

Ní Amẹ́ríkà, aláago ló dá a sílẹ̀. Láàárín ọdún 1810 sí 1820, ní ìlú Paris, Paris ti ìpínlẹ̀ Kentucky o, kì í ṣe ti Faransé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Snyder ṣe ríìlì kan. Ọgbọ́n aago ló lò. Irin eléyín ńlá ń yí irin eléyín kékeré, tó fi jẹ́ pé bí o bá yí ọwọ́ ríìlì lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ tí okùn wé mọ́ á yí lọ́pọ̀ ìgbà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ṣòro lò. Tí o bá ju ìwọ̀, kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ máa yí kí okùn tó lè jáde. Bí àtàǹpàkò rẹ kò bá tètè dá a dúró, kẹ̀kẹ́ á sáré ju okùn lọ, okùn á sì lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn kò yà fún oṣù mẹ́ta. Ní ọdún 1897, ní Kalamazoo, ní òdìkejì adágún wa yìí, William Shakespeare (kì í ṣe òǹkọ̀wé yẹn o) dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ríìlì kan tó ń tẹ́ okùn lọ tẹ́ ẹ bọ̀, kó má baà ga síbì kan kó sì relẹ̀ níbòmíràn. Ìyẹn ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò tú kókó náà tán.

Oníṣẹ́ òwú ló tú u. Alfred Illingworth ń ṣe iṣẹ́ aṣọ híhun ní Bradford, ní Ìlú Ọba. Ẹ ti rí kóònù òwú lọ́dọ̀ télọ̀ rí: kóònù dúró jẹ́ẹ́, òwú sì ń yọ láti orí rẹ̀, kò sí ohun tó ń yí. Irú ohun tí Illingworth ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, kí ló dé tí kẹ̀kẹ́ okùn ẹja fi gbọ́dọ̀ máa yí? Dá kẹ̀kẹ́ dúró, jẹ́ kí okùn máa yọ láti etí rẹ̀. Ní ọdún 1905 ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ríìlì tí wọ́n ń pè ní spinning lónìí, tó ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, okùn ayé ìgbà yẹn kò ràn án lọ́wọ́ tó. Sílíkì àti ọ̀gbọ̀ ni. Bí o bá ti ẹja dé, o gbọ́dọ̀ tú okùn náà kó gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á jẹrà. Ní 1938 ni ilé-iṣẹ́ DuPont kéde náílọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, okùn náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í jẹrà gba ọjà.

Ẹni tó wá ṣe bọ́tìnì ńkọ́? Ìtàn yìí ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ní Tulsa, ní Oklahoma, ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe bọ́mbù tí wọ́n ń jù sínú kànga epo rọ̀bì kí àpáta lè là. Orúkọ rẹ̀ ni Zero Hour Bomb Company. Ọjọ́ ìwé-ẹ̀tọ́ wọn lórí bọ́mbù ti fẹ́ pé, wọ́n sì ń wá iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Ní 1947, ọkùnrin kan láti Texas, R. D. Hull, wọlé tọ̀ wọ́n. Aláago lòun náà! Okùn lílọ́ ti sú u. Ó wá rí òṣìṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó ń fa okùn tí wọ́n fi ń di ẹrù láti ara kẹ̀kẹ́ ńlá kan tí kì í yí. Ọgbọ́n Illingworth náà ni, ṣùgbọ́n Hull fi ìdérí bo ti tirẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1949, ríìlì àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tó yá, wọ́n gé orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kúrú: Zero, E rẹ̀ wà níbẹ̀, Bomb, Company. Zebco nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ bọ́mbù ló ṣe ohun ìṣeré ọmọ yẹn ní Montrose.

Ìlẹ̀kùn kejì ni ẹja. Ẹ má rò pé ẹja kàn wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ayé àtijọ́, ìdọ̀tí Chicago ń ṣàn láti inú odò lọ sínú adágún, inú adágún yẹn náà ni wọ́n ti ń bu omi mu. Ní oṣù kìíní ọdún 1900, wọ́n ṣí ipadò tí wọ́n gbẹ́ ní máìlì 28, wọ́n sì yí odò padà kó máa ṣàn kúrò ní adágún. Adágún mọ́ sí i, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ló wá ru ẹrù náà.

Lẹ́yìn náà ni àlejò dé. Ẹja kan tó dà bí ejò, sea lamprey, tó ń lẹ̀ mọ́ ẹja mìíràn tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, gba ọ̀nà àwọn ipadò ọkọ̀ wọlé. Wọ́n rí i nínú Michigan ní 1936. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1950, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lake trout run, òun pẹ̀lú àwọn tó ń pẹja tà ní àpajù. Nígbà tí ẹja ńlá tán, ẹja kékeré kan tó ń jẹ́ alewife, àlejò lòun náà, kò rí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ó bí, ó rẹ̀, ó kún adágún. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1967, àìmọye alewife kú, omi sì gbé wọn jù sí etíkun Chicago. Katakata ni wọ́n fi kó wọn kúrò. Òórùn náà kò ṣeé sọ.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1966, ìjọba ìpínlẹ̀ Michigan ti gbé ìgbésẹ̀ kan. Howard Tanner, olórí ẹ̀ka ẹja wọn, gba ẹyin ẹja coho salmon láti Oregon, wọ́n tọ́ wọn, wọ́n sì tú wọn sínú odò tó ń ṣàn wọ adágún. Coho jẹ alewife, ó sanra, ó sì ń ja bí ọkùnrin ogun. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ènìyàn ń sáré wá sí etí omi. Ilé tí ọwọ́ ènìyàn kọ́ ni, kì í sì í dúró bí kò bá sí ìtọ́jú. Ní adágún Huron, alewife tán ní nǹkan bí 2004, chinook salmon tó ń jẹ ẹ́ sì tẹ̀ lé e. Nítorí ìyẹn ni àwọn ìpínlẹ̀ tó yí Michigan ká fi dín iye chinook tí wọ́n ń tú sílẹ̀ kù ní 2013. Tí o bá rí òfin pé ẹja mélòó lo lè mú lóòjọ́, má bínú. Ìtàn yìí ló bí i.

Ìlẹ̀kùn kẹta ló wúwo jù: etí omi. Aaron Montgomery Ward, tó bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ títa ọjà nípasẹ̀ ìwé àti ìfìwéránṣẹ́ ní Chicago ní 1872, lọ sí kóòtù láti 1890 títí dé 1911 kí wọ́n má baà kọ́lé kún ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Grant Park lónìí. Ó ní ti gbogbo ará ìlú ni. Ó borí. Ṣùgbọ́n ta ni "gbogbo ará ìlú"?

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1919, ọmọ aláwọ̀ dúdú kan, Eugene Williams, ọmọ ọdún 17, wà lórí igi tó léfòó nítòsí òpópónà 29. Igi náà gbé e kọjá ààlà tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ojú lásán fà sínú omi. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní òkúta. Ọmọ náà rì, ó kú. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ pa ènìyàn 38, 23 nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1960 àti 1961, àwọn ọ̀dọ́ ṣì ní láti kóra jọ wọ omi ní Rainbow Beach kí wọ́n tó gbà pé ibẹ̀ jẹ́ tiwọn náà. Kò tíì pẹ́. Àwọn òbí wa tó kọ́kọ́ dé síbí láti Nàìjíríà bá àwọn tó mọ ọjọ́ yẹn pàdé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé, "Ẹja pípa kì í ṣe tiwa," ẹ rántí ẹni tó sanwó ẹ̀.

Ó dáa. Ìlẹ̀kùn ti ṣí. Báwo la ṣe ń wọlé? Ọmọdé tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ fún un ní ríìlì oníbọ́tìnì. Tó bá ti mọ̀ ọ́n jù, ẹ ra spinning, ìwọ̀n 2500, pẹ̀lú okùn náílọ́ọ̀nù pọ́n-ùn mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìyẹn tó fún perch àti bass. Salmon ń fẹ́ èyí tó tóbi tó sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ti Snyder, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yí, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí àtàǹpàkò yín bá gbọ́n.

Bí a ṣe ń wé okùn nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ṣí wáyà tó ń darí okùn, kí ẹ tó so okùn mọ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí, wọ́n á so ó tán, wọ́n á rí i pé kò wé. Ẹ so ó, ẹ pa wáyà dé, ẹ fi okùn tuntun náà lélẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ kọjú sókè, ẹ fi aṣọ tútù di okùn mú díẹ̀, kí ẹ máa yí i. Lẹ́yìn bíi ìgbà mẹ́wàá, ẹ dẹ okùn wò. Bó bá ń lọ́ mọ́ra, ẹ yí èyí tó wà nílẹ̀ dojú dé. Ẹ má jẹ́ kó kún dé etí kẹ̀kẹ́. Ẹ ṣẹ́ bíi ìdá mẹ́jọ íǹṣì kù. Bó bá kún jù, á máa já bọ́ lápapọ̀. Bó bá dín jù, kò ní lọ jìnnà.

Ìtọ́jú ńkọ́? Omi Michigan kò níyọ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn rẹ̀ ń jẹ irin. Mo ti fi ríìlì tútù sínú gáràjì láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn di ìgbà ooru tó tẹ̀ lé e rí. Nígbà tí mo mú un jáde, ó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ẹ fún bíréèkì rẹ̀ le, ẹ fi omi díẹ̀ ṣàn án, ẹ má fi omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára lù ú. Ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ kán epo ẹ̀rọ díẹ̀ sí ibi tí okùn ń gbà kọjá àti ìdí ọwọ́ rẹ̀. Gírísì ni ti àwọn irin eléyín inú rẹ̀, díẹ̀ náà ni. Kí ẹ tó gbé e pamọ́, ẹ dẹ bíréèkì padà. Ẹ pààrọ̀ náílọ́ọ̀nù lọ́dọọdún. Ẹ má sì ju èyí tó ti gbó sí etí omi, nítorí ohun tó dára nínú rẹ̀ náà ló burú nínú rẹ̀: kì í jẹrà, ẹsẹ̀ ẹyẹ ló sì ń lọ́ mọ́.

Ẹni tó bá ti pé ọdún 16, ẹ gba ìwé àṣẹ ti Illinois kí ẹ tó jù ú o.

Àwọn àgbà ní láti tútù la ti ń ká ẹja. Ọmọ tó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló ṣe é, mo ti padà lọ bá a. Mo ní, àwọn aláago méjì, oníṣẹ́ òwú kan, ilé-iṣẹ́ bọ́mbù kan, ọkùnrin kan tó kó ẹyin ẹja wá láti Oregon, àti ọmọ ọdún 17 kan tó yẹ kó padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ánkù, ẹ bá mi fọ ríìlì mi."

Ẹ sọ tiyín fún wa nísàlẹ̀: ta ló kọ́kọ́ mú yín lọ sí etí omi? Ó dìgbà kan ná. Ire o.