Ófárọ́ọ̀lù awakọ̀ X-wing: rírán àti sísọ ọ́ di ògbólógbòó

Ófárọ́ọ̀lù awakọ̀ X-wing ni aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ òfurufú X-wing wọ̀ nínú fíìmù Star Wars, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1977. Ẹ̀wù àti ṣòkòtò rẹ̀ so pọ̀, síìpù sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà máa ń rán an nílé fúnra wọn. Apá méjì ni iṣẹ́ náà ní: kí aṣọ bá ara mu, kí ó sì jọ èyí tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ pẹ́.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

John Mollo, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ nípa aṣọ ológun dunjú, ló ṣètò aṣọ fíìmù náà, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar fún un ní 1978. George Lucas tó darí fíìmù náà kò fẹ́ ayé tí ohun gbogbo ti ń dán gbinrin. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ àti aṣọ rí bí ohun àlòpẹ́. Nítorí náà, ófárọ́ọ̀lù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ màṣíìnì kò tíì jọ ti inú fíìmù, bó ti wù kí télọ̀ mọṣẹ́ tó. Awakọ̀ tún máa ń wọ àwọ̀lékè funfun tí kò lápá, bẹ́líìtì àti okùn ìdira, ibọ̀wọ́, bàtà gígùn dúdú, àti akoto tí ìbòjú rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè.

Rírán

Aṣọ òwú tó nípọn díẹ̀ ló dára jù, nítorí ó ń gba àbàwọ́n, ó sì ń ṣá. Políẹ́sítà kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ fọ aṣọ òwú náà kí a tó gé e, nítorí òwú máa ń súnkì. Ẹni tí kò ní pátáànù lè tú ófárọ́ọ̀lù àtijọ́ kan, kí ó fi gé tuntun.

Ìwọ̀n tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tó gba orí èjìká kọjá láàárín itan padà sí èjìká kan náà. Bí ó bá kúrú, aṣọ yóò fún ẹni tó wọ̀ ọ́ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tó jókòó. Àfikún sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 máa ń tó. Àpò ni a kọ́kọ́ ń rán mọ́ ara aṣọ, nígbà tó ṣì tẹ́ sílẹ̀, nítorí ó ṣòro láti ti ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí a ti rán pọ̀ sábẹ́ màṣíìnì. Ojú rírán àárín itan ni a ń rán lẹ́ẹ̀mejì.

Sísọ ọ́ di ògbólógbòó

Nínú tíátà àti fíìmù, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni sísọ aṣọ di ògbólógbòó, ó sì ní àwọn tó ń fi í jẹun. Ìlànà rẹ̀ ni pé ibi tí iṣẹ́ bá ti ń kan aṣọ ló ti ń gbó. Orúnkún, ìgúnpá, etí ọwọ́, kọ́là àti ẹnu àpò ló ń kọ́kọ́ gbó. Itan ni ọwọ́ elépo ti ń nu ara rẹ̀, bí a ti ń rí i lára ófárọ́ọ̀lù mẹkáníìkì. Abẹ́ àwọ̀lékè kì í ṣá bí apá, nítorí oòrùn kì í kàn án. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a wọ àwọ̀lékè àti okùn lé aṣọ náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún.

Ìpele mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni kí gbogbo aṣọ ṣá: a ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ léraléra, a ń sá a sóòrùn, tàbí kí a lo bílíìṣì tí a bu omi sí dáadáa. Orí àkìsà ni kí a ti dán bílíìṣì wò, kí a má sì pò ó mọ́ ọtí kíkan tàbí amóníà, nítorí àdàlù wọn ń yọ èéfín olóró. Èkejì ni híha: a ó ki ohun líle bọ inú orúnkún aṣọ, a ó sì fi sáńpépà ha á lókè, pẹ̀lú ìbòmú. Ẹ̀kẹta ni àbàwọ́n: ọ̀dà aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú tí a pò mọ́ omi, tí a fi kànrìnkàn tẹ̀ mọ́ aṣọ, tí a sì nù kó tó gbẹ. Dúdú nìkan kò tó, nítorí yóò hàn pé a kùn ún ni. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa fi àwọn àbàwọ́n náà lé ara wọn.

Lílò

Ẹgbẹ́ Rebel Legion ti àwọn olólùfẹ́ Star Wars, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ní ìlànà tí aṣọ gbọ́dọ̀ bá mu kí wọ́n tó gbà á. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wọ̀ ọ́ lọ kí àwọn aláìsàn àti síbi ìkówójọ fún àwọn aláìní. Aṣọ tí a ń wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fọ̀. Ọ̀dà aṣọ tí a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ máa ń dúró, ṣùgbọ́n bí a bá fi omi tíì ṣe àbàwọ́n, yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀, a ó sì tún un ṣe.